Gidi Yàtọ̀ sí Ojúlówó

Òǹtajà kan ní Computer Village n'Íkẹjà lè wo ojú yín kó ní, "Ẹ̀gbọ́n, fóònù gidi rèé o," kó má sì parọ́, síbẹ̀ kí fóònù ọ̀hún jẹ́ èyí tí wọ́n ti tú palẹ̀, tí wọ́n ti pààrọ̀ ojú ẹ̀ àti bátìrì ẹ̀, tí wọ́n sì nù títí tó fi ń dán. Kò parọ́ torí pé gidi kì í sọ ibi tí nǹkan ti wá. Ohun tí gidi ń sọ ni pé nǹkan náà kún ojú òṣùwọ̀n orúkọ tí wọ́n ń pè é: fóònù tó ń pè, tó ń gbà, tí bátìrì ẹ̀ ń pẹ́, tí kámẹ́rà ẹ̀ mọ́ rekete. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá bó ṣe jáde nílé iṣẹ́ tó ṣe é náà ló ṣì wà, ọ̀rọ̀ míì lẹ máa fi béèrè. Ẹ máa ní, "Ṣé ojúlówó ni?" tàbí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́jà, "Ṣé orijínà ni?" Lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ *#06# sórí fóònù náà, kí ẹ sì fi nọ́ńbà oní-díjíìtì 15 tó bá jáde wé èyí tó wà lára páálí. Bí méjèèjì ò bá dọ́gba, páálí fóònù míì ni wọ́n gbé lé yín lọ́wọ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn, pàápàá àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà tí wọ́n ń kó Yorùbá lẹ́nu àwọn olórin àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ló ti gbà pé gidi àti ojúlówó ò yàtọ̀. Wọ́n yàtọ̀. Ẹni tó bá ń fi ọ̀kan rọ́pò èkejì máa ra ohun tí kò fẹ́ rà, ó sì lè sọ ohun tí kò ní lọ́kàn sí ọmọ ẹlòmíì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń bá jà. Òdì kejì ojúlówó ni ayédèrú. Ojúlówó náírà wà, ayédèrú náírà wà. Ojúlówó ìwé ilẹ̀ wà, ayédèrú ẹ̀ náà wà. Ṣùgbọ́n tí a bá yí gidi padà, ayédèrú kọ́ la máa bá níbẹ̀, lásán ni. Ọ̀rọ̀ gidi, ọ̀rọ̀ lásán. Ọ̀rẹ́ gidi, ọ̀rẹ́ ojú lásán. Oúnjẹ gidi ń bẹ, ìpápánu sì ń bẹ. Kò sẹ́ni tó máa pe gúgúrú àti ẹ̀pà ní ayédèrú oúnjẹ, síbẹ̀ ẹni tó jẹ ẹ́ títí di alẹ́ máa sọ pé òun ò tíì jẹ nǹkan gidi látàárọ̀. Tí mo bá ní ẹnìkan rí "owó gidi" lórí iṣẹ́ kan, kò sí ẹni tó máa rò pé mo ń sọ owó tí ilé ìfowópamọ́ àgbà tẹ̀ jáde. Owó tó nípọn, owó tó lè ra ilẹ̀, ló máa wá síni lọ́kàn.

Ẹ̀rí míì tún wà, òun ló sì dá mi lójú jù. Gidi ò mọ rere yàtọ̀ sí búburú. A máa ń sọ pé olè gidi, òpùrọ́ gidi, wàhálà gidi, wèrè gidi. Olè gidi kì í ṣe olè tó dáa. Ẹni tó jẹ́ pé olè jíjà ni iṣẹ́ ẹ̀, tó kún ojú orúkọ náà, ni. Ẹ wá gbìyànjú ẹ̀ pẹ̀lú ojúlówó: ẹni tó bá pariwo pé "ojúlówó wàhálà ti dé," ẹ̀fẹ̀ làwọn èèyàn máa rò pé ó ń ṣe. Kódà, "ayédèrú gidi lèyí" jẹ́ gbólóhùn tó dán mọ́rán lẹ́nu Yorùbá. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ayédèrú náà pọ̀ débi tí kò ṣeé bò. Bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ pé nǹkan kan jẹ́ ayédèrú kó tún jẹ́ ojúlówó ara ẹ̀ nígbà kan náà.

Ibi tí gidi ń jókòó sí

Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ orúkọ ni ààyè gidi. Ọ̀rẹ́ gidi, aṣọ gidi, iṣẹ́ gidi. Kò sí "gidi ọ̀rẹ́" nínú Yorùbá rárá. Èyí ló jẹ́ kó rọrùn láti yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ògidì, tí àwọn kan ń kà pọ̀ mọ́ ọn torí pé wọ́n jọra létí. Iwájú ni ògidì ń wà jù: ògidì ọmọ Yorùbá, ògidì ọtí. Ohun tí ògidì ń sọ ni pé nǹkan kan ò dà pọ̀ mọ́ òmíì, wọn ò bu omi là á. Pọ́ńbélé ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ̀yìn ló ń tẹ̀ lé: ọmọ Yorùbá pọ́ńbélé. Ojúlówó náà fẹ́ràn iwájú: ojúlówó aṣọ òkè, ojúlówó oyin. Gan-an tún yàtọ̀ sí gbogbo wọn. "Ọba gan-an ló wá" ń sọ pé ọba fúnra rẹ̀ ló wá, kò rán ìjòyè. "Ọba gidi ni" ń sọ pé ẹni tó wà lórí oyè náà mọ̀ ọ́n jẹ. Ọba gan-an lè wá kó má jẹ́ ọba gidi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn ún gbé yẹ̀wò jù ni ìgbà tí olóhun, ìyẹn ẹni tó ni nǹkan, bá wọ àárín. Ẹ wo méjì yìí:

"Bàbá gidi ni ọkùnrin yẹn."

"Bàbá rẹ̀ gidi ni ọkùnrin yẹn."

Gbólóhùn àkọ́kọ́ ń yìn ín. Ó ń san owó ilé ìwé, ó ń gbọ́ bùkátà, ó mọ orúkọ olùkọ́ ọmọ, ó sì mọ ìgbà tí ìdánwò máa bẹ̀rẹ̀. Gbólóhùn kejì ò yìn ín, kò bú u. Ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ: òun ló bí i. "Rẹ̀" kékeré tó wọ àárín ló yí gbogbo ẹ̀ padà. Tí kò bá sí olóhun níbẹ̀, ohun tí à ń bi gidi ni pé, "Ṣé ó kún ojú orúkọ bàbá?" Tí olóhun bá ti wà, ẹnìkan ṣoṣo ló lè di ipò náà mú, ìbéèrè sì di, "Nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní bàbá ọmọ yìí, èwo ni?" Ìdí nìyẹn tí ẹni tó gba ọmọ tọ́ fi lè jẹ́ bàbá gidi fún ọmọ tí kì í ṣe òun ni bàbá rẹ̀ gidi. Yorùbá tó bá gbọ́ gbólóhùn yẹn máa yé e lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí àlàyé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ rí. "Orúkọ gidi lo sọ ọmọ ẹ" ń yin orúkọ náà, pé ó nítumọ̀, pé ó wúwo. "Orúkọ rẹ̀ gidi" ni èyí tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ, kì í ṣe ìnagijẹ tí wọ́n ń pè é lórí pápá tàbí lórí ìtàgé. Mo gbà pé níbi tí olóhun bá wà báyìí, gidi sún mọ́ ojúlówó gan-an, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kàn án. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ làwọn tó ń pò wọ́n pọ̀ ti kó o.

Ibẹ̀ náà ni ewu wà. Àwọn èèyàn máa ń sọ lójú ọmọ pé, "Kì í ṣe ọmọ rẹ̀ gidi." Ohun tí ẹni tó sọ ọ́ ní lọ́kàn ni pé obìnrin yẹn kọ́ ló bí i. Ohun tí ọmọ máa gbọ́ ni pé òun ò tó ọmọ. Gidi máa ń gbé ìwọ̀n dání nígbà gbogbo, kódà níbi tí a kò ti ní kó wọn nǹkan kan. Bí ọ̀rọ̀ bá di dandan láti sọ, Yorùbá ní "òun kọ́ ló bí i," ó sì ní "ọmọ bíbí inú rẹ̀." Méjèèjì sọ ti ẹ̀jẹ̀ láìdíwọ̀n ọmọ ọlọ́mọ.

Nígbà tó bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ìṣe

"Ó ṣiṣẹ́ gidi." Kí lẹ gbọ́? Àwọn kan gbọ́ pé iṣẹ́ tó ṣe jẹ́ iṣẹ́ tó nítumọ̀. Àwọn míì gbọ́ pé ó ṣe é kíkankíkan, òógùn bò ó. Àwọn méjèèjì ló tọ̀nà. Ìdí ẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ méjì ló há sínú "ṣiṣẹ́": ṣe àti iṣẹ́. Gidi lè di mọ́ iṣẹ́, ó sì lè di mọ́ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Jẹun, sọ̀rọ̀, kọrin, gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀. "Ó sọ̀rọ̀ gidi" lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ló sọ, ó sì lè jẹ́ pé ẹnu ẹ̀ ò sinmi.

Bí ẹ bá fẹ́ kó dájú, ẹ gbé ọ̀rọ̀ orúkọ síwájú: "Iṣẹ́ gidi ló ṣe." "Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ." "Oúnjẹ gidi ló jẹ." Báyìí, ọ̀rọ̀ orúkọ nìkan ni gidi dì mọ́, kò lè sá lọ síbòmíì. Bó bá jẹ́ bó ṣe le tó lẹ fẹ́ sọ, ẹ ṣe é ní méjì: "Ó ṣiṣẹ́ gidigidi." Gidigidi kì í bá ọ̀rọ̀ orúkọ rìn, kò sí "ọ̀rẹ́ gidigidi," kò sí "iṣẹ́ gidigidi." Ọ̀rọ̀ ìṣe nìkan ló mọ̀. Àwọn tó ń kọ èsì ìdánwò fún akẹ́kọ̀ọ́, tàbí ìwé ẹ̀rí fún òṣìṣẹ́, nílò ìyàtọ̀ yìí, torí pé ẹni tó ṣiṣẹ́ gidigidi lè má tíì ṣe iṣẹ́ gidi kankan.

Ọ̀rọ̀ ìṣe tí kò ní ọ̀rọ̀ orúkọ nínú kì í fún wa ní wàhálà yìí. Ó dùn gidi, ó ga gidi, ó tutù gidi, ó pẹ́ gidi: bó ṣe pọ̀ tó ni gbogbo wọn ń sọ. Àmọ́ ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ìṣe náà jẹ́ èyí tó lè pọ̀ tàbí kó kéré. A kì í sọ pé ẹnìkan "kú gidi," torí pé ikú ò ní ìdajì. A máa ń sọ pé ó kú pátápátá, tàbí ó kú fin-ínfin-ín.

Nínú gbólóhùn tó ní "kò," ẹ ṣọ́ra díẹ̀. "Ọbẹ̀ yìí ò dùn rárá" ti ìlẹ̀kùn pa. "Ọbẹ̀ yìí ò dùn gidi" ṣì fi àyè sílẹ̀: ó dùn díẹ̀, kò kàn dé ibi tó yẹ kó dé. Ẹni tó bá fẹ́ tún ọbẹ̀ ìyàwó àbúrò ẹ̀ ṣe láìbà á lọ́kàn jẹ́, ìkejì ni kó lò.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu àwọn tó ń kọ́ èdè náà lókè òkun ni "ó gidi" tàbí "kò gidi." Gidi kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣe, kò lè dúró lẹ́yìn "ó" báyìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni "èyí gidi ju ìyẹn lọ" kò dúró. Ẹ sọ pé "gidi ni," tàbí kí ẹ wá ọ̀rọ̀ orúkọ fún un: "èèyàn gidi ni," "nǹkan gidi ni." Bí ẹ bá fẹ́ fi méjì wéra, "dára" ni kí ẹ lò, òun ni ọ̀rọ̀ ìṣe: "èyí dára ju ìyẹn lọ."

Gidi gan, gidigidi, àti gìdìgìdì

Gidigidi ni àgbà nínú wọn, ó ti wà nínú ìwé tipẹ́tipẹ́. Bíbélì Yorùbá, tí wọ́n parí ìtumọ̀ rẹ̀ ní 1884, kún fún un. Jẹ́nẹ́sísì orí 13 sọ pé Ábúrámù là gidigidi, ní ẹran ọ̀sìn, ní fàdákà àti ní wúrà. Títí dòní, òun ni èdè ìwàásù, èdè lẹ́tà, èdè ẹni tó dìde níbi ìnáwó láti dúpẹ́. "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gidigidi" bójú mu níwájú ọba, níwájú àna, níwájú ìgbìmọ̀ ilé ìwé.

"Gidi gan," tí wọ́n gé kúrò lára "gidi gan-an," jẹ́ ti ojú pópó àti ti àwọn ojúgbà. Òun ló rìn jìnnà jù. Ó ti wọ Píjìn débi pé àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá kankan náà ń fi parí ọ̀rọ̀, àwọn ọ̀dọ́ Lọ́ńdọ̀nù sì ń fi sáàárín Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tún ń fi dáhùn lásán: ẹnìkan á ní oòrùn ń mú, èkejì á ní, "Gidi gan." Kò sí nǹkan tó burú níbẹ̀ láàárín ojúgbà. Àmọ́ ọmọ tó bá fi "ẹ ṣé gidi gan" dúpẹ́ lọ́wọ́ àgbà tó fún un lówó ilé ìwé ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn di yẹpẹrẹ. "Ẹ ṣeun gan-an ni, mà" wà nílẹ̀. "Ẹ ṣeun gidigidi, sà" wà nílẹ̀. Bákan náà, "ọmọ gidi ni ẹ́" jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àgbà ń fi yin ọmọdé, tàbí tí ojúgbà fi ń yin ara wọn. Tó bá jẹ́ àgbà lẹ fẹ́ yìn, "èèyàn gidi ni yín" ló tọ́.

Tí a bá wá dé orí àmì ohùn, ẹ má fojú kékeré wò ó. Ohùn àárín ni gidigidi látòkèdélẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ ni gìdìgìdì, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni sísáré kiri, rírọ́ kẹ̀kẹ̀, ṣíṣe wọ̀ọ́wọ̀ọ́. Inú òwe ló ti gbajúmọ̀: "Gìdìgìdì ò mọ́là, ká ṣiṣẹ́ bí ẹrú ò da nǹkan." Ẹni tó bá kọ òwe yẹn sórí WhatsApp láìsí àmì ohùn, tí ẹni tó ń kọ́ Yorùbá sì kà á bíi gidigidi, ó máa rò pé òwe náà ń sọ pé ṣíṣe nǹkan dáadáa ò mú owó wá. Ó ti dorí òwe kodò nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ibi kan ṣoṣo lẹ máa fi àmì sí nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, ẹ fi síbẹ̀.

Èèyàn gidi, iṣẹ́ gidi

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí méjì tó ń dùn mí. "Èèyàn gidi" ti wá pín sí ọ̀nà méjì. Èkíní ni ọmọlúàbí: ẹni tó ṣeé fẹ̀yìn tì, tó ń mú ìlérí ṣẹ. Ìkejì ni olówó àti ẹni ńlá: "Àwọn èèyàn gidi ló wá síbi òkú yẹn," ìyẹn ni pé àwọn tó gbé ọkọ̀ olówó ńlá wá, tí wọ́n ná owó. Ọgbọ́n inú èdè ò bà jẹ́ níbẹ̀, torí pé ìkún ojú òṣùwọ̀n náà ni. Àwa ni a yí òṣùwọ̀n padà. Ẹ tẹ́tí sí ohun tó yí gbólóhùn ká kí ẹ tó gbà pé ẹnìkan ń sọ̀rọ̀ ìwà. Tí ó bá jẹ́ "èèyàn gidi ni, ó ràn mí lọ́wọ́," ìwà ni. Tí ó bá jẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú "wá" tàbí "mọ̀" ("ó mọ àwọn èèyàn gidi"), ipò àti owó ni.

Ti "iṣẹ́ gidi" tún wá burú jù. Télọ̀ tó ti fi ọdún 4 kọ́ṣẹ́, tó ti gba fírídọ̀ọ̀mù, tó mọ bí wọ́n ṣe ń gé agbádá láì fi aṣọ ṣòfò, ni wọ́n ṣì máa sọ fún pé kó lọ wá iṣẹ́ gidi. Iṣẹ́ tó ń gba owó oṣù nínú ọ́fíìsì ni wọ́n ń sọ. Bí gidi bá ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀ bó ṣe yẹ, ẹni tí aṣọ tó rán kì í tú, tó sì ń fi jíṣẹ́ lọ́jọ́ àdéhùn, oníṣẹ́ gidi ni, yálà ó ní káàdì ọ́fíìsì lọ́rùn tàbí kò ní.

Lọ́jà àti nílé oògùn

Ohun tí mo sọ nípa fóònù kan gbogbo ọjà. Ẹ mú èlùbọ́. Àwọn kan máa ń da láfún mọ́ èlùbọ́ iṣu kó lè pọ̀, torí pé láfún, tó jẹ́ ti ẹ̀gẹ́, kò wọ́n tó ti iṣu. Ẹ bá dé ọ̀dọ̀ alélùbọ́, ẹ ní, "Ìyá, ṣé èlùbọ́ gidi ni?" Ó máa ní, "Gidi ni o, ọmọ mi, ó ń fà dáadáa." Òótọ́ ló sọ. Ó dá yín lóhùn lórí bí àmàlà rẹ̀ ṣe máa rí lẹ́nu. Kò sọ nǹkan kan nípa ohun tó wà nínú ẹ̀. Ẹ bi í ní ṣàkó: "Ṣé ẹ da láfún mọ́ ọn?" tàbí "Ṣé ògidì èlùbọ́ iṣu ni?" Ìbéèrè àdàlù ni ògidì wà fún. Lẹ́yìn náà, ẹ ro díẹ̀ wò nílé kí ẹ tó padà lọ ra púpọ̀. Àmàlà iṣu máa ń dúdú sí pupa rúsúrúsú. Bí láfún bá ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀ ni àwọ̀ ẹ̀ á ṣe máa funfun tó.

Oògùn ni ibi tí àṣìṣe yìí ti lè gba ẹ̀mí. "Oògùn gidi" lẹ́nu ẹni tó ń tà á túmọ̀ sí oògùn tó lágbára, tó ń ṣiṣẹ́ kíá. Oògùn gbàrọgùdù lè lágbára, torí pé wọ́n lè ki nǹkan tí kò yẹ kó wà nínú ẹ̀ bọ inú ẹ̀. Nítorí náà, "ṣé oògùn gidi ni?" kì í ṣe ìbéèrè tó wúlò rárá nílé oògùn. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, lára páálí. Ẹ wo déètì tí wọ́n ṣe é àti ìgbà tó máa bà jẹ́, kí ẹ sì rí i pé èyí tó wà lára páálí bá èyí tó wà lára sáṣẹ́ẹ̀tì tàbí ìgò inú ẹ̀ mu. Bí ó bá jẹ́ irú oògùn tó ní ibi tí wọ́n ń họ, bíi ọ̀pọ̀ oògùn ibà, ẹ họ ọ́, kí ẹ fi nọ́ńbà tó wà lábẹ́ ẹ̀ ránṣẹ́ sí nọ́ńbà kúkurú tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kí ẹ sì dúró gba èsì kí ẹ tó lò ó. Bí wọ́n bá ti họ ọ́ kí ẹ tó rà á, ẹ dá a padà.

Lórí ọ̀rọ̀ ìdókòwò, lẹ́jìt ni àwọn ọ̀dọ́ ń lò jù, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ lo gidi. "Ṣé lẹ́jìt ni?" Ìdáhùn tí wọ́n sábà máa ń gbọ́ ni, "Lẹ́jìt ni, wọ́n ti san tèmi." Àmọ́ pé wọ́n san owó fún ẹnìkan ò fi hàn pé òfin mọ̀ wọ́n. MMM, ètò sọ-owó-di-púpọ̀ ìgbà kan, náà sanwó fún ọ̀pọ̀ èèyàn ní Nàìjíríà kó tó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó kù lójú ní oṣù Kejìlá 2016. Ìbéèrè méjì ló wà nínú lẹ́jìt, ẹ tú wọn sọ́tọ̀. Èkíní: ṣé orúkọ ilé iṣẹ́ náà wà lákọsílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀? Ìkejì, èyí tí àwọn èèyàn ń fò: ṣé SEC, àjọ tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ ìdókòwò, fún wọn láṣẹ láti máa gba owó aráàlú fún ìdókòwò? Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ní CAC láti máa ta bàtà ò gba àṣẹ láti máa gba owó yín kó fi bí èlé. "Ilé iṣẹ́ gidi ni" ò dáhùn ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ó kàn sọ pé ọ́fíìsì wọn tóbi ni.

Ó ku orúkọ ìlú. Lasgidi ni àwọn ọ̀dọ́ ń pe Èkó, wọ́n sì tún gé e kúrú sí Gidi: "Mo ti padà sí Gidi." Gidi Culture Festival, àjọ̀dún orin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe l'Ékòó ní 2014, ibẹ̀ ló ti mú orúkọ ẹ̀. Gidi yìí ti di orúkọ ibì kan, ó sì ń tẹ̀ lé òfin orúkọ ìlú: ó ń gba "ní" àti "sí," kò sì gba "gan" lẹ́yìn. Létí, "ọmọ Gidi" àti "ọmọ gidi" ò yàtọ̀, ohun tó yí wọn ká ló máa là á: "ọmọ Gidi ni, ó mọ gbogbo ọ̀nà ẹ̀yìn láti Oṣòdì dé Yábàá" ń sọ ibi tó ti dàgbà. Nínú ìwé, lẹ́tà ńlá ló ń yà wọ́n, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí fóònù yín máa fúnra ẹ̀ sọ g kékeré di ńlá nígbà tí ẹ bá ń kọ̀wé yin ọmọ tí kò tíì dé Èkó rí.